Ìbọn Tí Ó Yẹ Ọdẹ

Ẹni tí ó bá ra aṣọ, ara rẹ̀ ni ó rà á fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ìbọn, gbogbo àdúgbò ni ó rà á sí. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ọdẹ nìkan. Ó kan ìyá tí ń dáná nínú ilé tí ìbọn wà, ó kan ọmọ tí ń ṣeré nítòsí rẹ̀, ó sì kan àgbẹ̀ tí ń lọ sí oko ní ìdájí láì mọ̀ pé ọdẹ wà nínú igbó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á.

Ní Ẹdẹ tiwa, ohun ìjà kì í ṣe àjèjì. Tìmì Àgbàlé tí ó tẹ ìlú yìí dó, Ọlọ́fà-iná ni a ń pè é títí di òní. Bàbá tí ó bí wa lọ́mọ, ọdẹ ni wọ́n. Ní ọ̀sán wọ́n ń ro oko, ní alẹ́ wọ́n á de fìtílà mọ́ iwájú orí, wọ́n á gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká. A mọ bí wọ́n ṣe ń kì í: wọ́n á da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, wọ́n á fi àkísà lé e, wọ́n á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, wọ́n á da ọta sí i, wọ́n á tún fi àkísà dí i. Gbogbo làálàá yìí, yíyìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí òjò bá kan ẹ̀tù, kò ní yìn rárá. Àbúrò bàbá wa kan pàdánù ìka méjì nítorí pé páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi ṣe ẹnu ìbọn rẹ̀, ó sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òun fẹ́ fi ṣakabùlà sílẹ̀ kí òun ra ohun tí ó dára jù ú lọ, a kò jẹ́ bá a jiyàn.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí ó ti kéwú lọ́dọ̀ wa gbé wá láìpẹ́ yìí. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó sì ń ṣe ọdẹ. Ó ní ìyàwó, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta. Ìbọn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti gbó, ìdí rẹ̀ ti ń jẹrà. Owó ẹ̀gẹ́ ọdún méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú àwòrán ìbọn òyìnbó kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ìbọn aláwọ̀ dúdú tí ń dán, ó ní: “Ààfáà, ẹ bá mi yàn án. Mi ò fẹ́ ra yẹpẹrẹ mọ́. Èyí tí màá lò títí màá fi fún ọmọ mi ni mò ń wá.”

Ìbọn inú àwòrán náà jẹ́ irú èyí tí ń ki ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, John Browning, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ìbọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ilé-iṣẹ́ FN ní orílẹ̀-èdè Belgium sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní 1902. Bí ìbọn náà bá ti yìn, ipá tí ń ta á sẹ́yìn ni ó ń ṣí ìdí rẹ̀, tí ó ń ta èèpo ọta òfìfo jáde, tí ó sì ń fa òmíràn wọlé. Àwọn mìíràn wà, bí Remington 1100 tí ó jáde ní 1963, tí ihò kékeré wà lára ẹnu wọn. Atẹ́gùn gbígbóná tí ẹ̀tù bá tú sílẹ̀ yóò gba ibẹ̀ kọjá láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Irú èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta èjìká, ṣùgbọ́n èéfín ẹ̀tù máa ń dọ̀tí inú rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú lóòrèkóòrè. Bí ọta tí a kì sí i kò bá lágbára tó, yóò há. Ohun tí olówó rẹ̀ ń sanwó fún ni pé kí ó lè yìn léraléra láìjẹ́ pé ó tún ki ohunkóhun.

A bi í pé: “Kí ni o ń pa?” Ó ní ọ̀yà ni, àparò, awó, àti ẹtu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A ní: “Lẹ́yìn ìró àkọ́kọ́ àti ìkejì, èwo nínú wọn ni yóò dúró dè ọ́ fún ìkẹta?” Ó rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ni, ó mọ ìdáhùn. Ọta wẹ́wẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ gidi mọ́ bí ẹran bá ti jìnnà ju nǹkan bí ogójì mítà lọ. Ẹni tí ó bá ń yin ìbọn tẹ̀lé ẹran tí ó ti jìnnà, ọgbẹ́ ni yóò dá sí i lára, ẹran náà yóò sì lọ kú sí ibi tí ẹnì kan kò ti ní jẹ ẹ́.

Ìhín ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti wọlé. Àlùkùránì gba ọdẹ láàyè, ó sì pàṣẹ pé kí á dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Àwọn àgbà onímọ̀ àtijọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ọta ìbọn, nítorí pé ẹ̀tù kò ì tíì dé nígbà ayé wọn. Ad-Dusuqi, onímọ̀ Málíkì ti ilẹ̀ Íjíbítì tí ó kú ní 1815, ṣàlàyé pé àárín ọ̀rúndún kẹjọ Híjírà ni ẹ̀tù tó yọjú, àti pé àwọn onímọ̀ ìlú Fẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí ẹran tí a fi ọta òjé pa, nítorí pé ó ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń yára pa ẹran. Ẹ kíyè sí ìdí tí wọ́n fi gbà á: kíkú kíákíá. Ìbọn tí ó dára lójú ṣàríà ni èyí tí ó mú kí ọdẹ fojú sun ẹran dáadáa kí ó tó fa á. Bí a bá sì bá ẹran náà láàyè, dúńbú ni kí á dúńbú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a kan òfin ìjọba. Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ó wúwo jù, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́, àṣẹ Ààrẹ nìkan ni ó lè mú un dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó kéré jù, ṣakabùlà àti irú rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu, òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ní àárín ni ìbọn ọdẹ òyìnbó wà, tí Ọ̀gá Pátápátá àwọn Ọlọ́pàá ń fún ènìyàn ní ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ìbọn ọdẹ tí ń ki ara rẹ̀ kúrò nínú ti àárín yìí, ó sì yọ èyíkéyìí tí ó ní ẹ̀rọ tí ń tún un kì kúrò pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn náà ni a ń fún ní ìwé: kò sí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an: “Ààfáà, àwọn ajínigbé kì í gba ìwé àṣẹ. Bí mo bá pàdé wọn lọ́nà oko, kí ni kí n ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. A sọ fún un pé ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó ní ìbọn olówó iyebíye nínú igbó, ìbọn yẹn gan-an lè di ohun tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ pa á. Bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ni yóò sọ fún ọlọ́pàá tí ó bá dá a dúró? Ta ni yóò bọ́ ọmọ mẹ́ta náà nígbà tí ó bá wà lẹ́wọ̀n? Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ààbò. Ẹgbẹ́ ọdẹ wà, Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2020 sì wà. Kí ó darapọ̀ mọ́ àwọn tí ìjọba mọ̀, kí wọ́n máa rìn pọ̀, kí àwọn ará oko sì máa lọ, kí wọ́n máa bọ̀ papọ̀.

A tún rán an létí ogun Kírìjí, tí wọ́n jà láti 1877 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ń lò nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀rù ba Ìbàdàn, àwọn náà wá tiwọn. Síbẹ̀ ìbọn tuntun kò parí ogun náà. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1886 ni ó fi òpin sí ìjà, ó sì di 1893 kí wọ́n tó tú àgọ́ ká.

Kí wá ni ó yẹ kí ọmọ náà rà? Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí a ń ṣẹ́ láàárín ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dọ́bù bárẹ̀lì, kí ó sì jẹ́ ojúlówó. Ó ń yìn lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ẹ̀rọ púpọ̀ tí yóò bàjẹ́, bí a bá sì ti ṣẹ́ ẹ, gbogbo ojú ni yóò rí i bóyá ọta wà nínú rẹ̀. A ní kí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ó wo inú ẹnu rẹ̀ bóyá ó dípẹtà tàbí ó wọnú. Kí ó pa á dé, kí ó mì í bóyá ó ń gbọ̀n. Kí ó gbé e sí èjìká kí ó mọ̀ bóyá ó bá apá òun mu. Ìwé àṣẹ ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí ó tó sanwó.

Ó ti kọ̀wé béèrè, ó sì ń retí èsì. Ó ti gbé ṣakabùlà tí ń jẹrà yẹn tì pátápátá. Nínú owó tí ó wà nílẹ̀, ó ti ra àpótí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Inú wa dùn pé àpótí ni ó ṣáájú ìbọn dé ilé náà.