Àwọn Ohun tí Ìbò Fi Sílẹ̀

Àwọn kan ń kó sítáǹpù jọ, àwọn kan ń kó owó àtijọ́ jọ. Ní tèmi, ohun ìpolongo ìbò ni mò ń kó jọ: báàjì, kàlẹ́ńdà, pósítà, káàdì ẹgbẹ́, fìlà, àǹkárá tí wọ́n ya ojú olóṣèlú sí. Abẹ́ ibùsùn mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wà, nínú àpótí onírin tí àwọn ẹlòmíràn ń kó gààrí sí. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kọ́kọ́ rò pé mò ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣiṣẹ́ ni. Nígbà tó rí ẹṣin, ìgbálẹ̀ àti ańbùrẹ́là nínú àpótí kan ṣoṣo, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹgbẹ́ wo gan-an lo wà?" Mo ní gbogbo wọn ni, títí kan àwọn tó ti kú.

Ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tí irú èyí ń yà lẹ́nu. Nígbà tí McKinley àti Bryan ń du ipò ààrẹ ní 1896 ni báàjì pélébé tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ sí àyà gbòde níbẹ̀. Nígbà tí Taft ń díje ní 1908, póòsìkáàdì ló kún ìgboro. Láti 1945 ni àwọn tó ń kó wọn jọ ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, American Political Items Collectors. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé báàjì tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì kì í ṣe ti ẹni tó wọlé. Ti James Cox ni, ẹni tí Harding fìdí rẹ̀ janlẹ̀ ní 1920. Franklin Roosevelt ni igbákejì rẹ̀ nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun náà yóò di ààrẹ lọ́jọ́ iwájú. Báàjì tí ojú àwọn méjèèjì jọ wà lórí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń rà á.

Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Kí èsì tó jáde ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ìwé ìtàn ti mọ ẹni tó wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n pósítà kò mọ nǹkan kan. Ohun tí àwọn èèyàn gbà gbọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ìbò nìkan ló mọ̀.

Ẹ wo pósítà Hope '93 tó wà lọ́wọ́ mi. Abíọ́lá àti Kingibe ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹṣin SDP. Ó ń ṣèlérí pé òṣì máa tó di ohun ìgbàgbé. Ní June 12 àwọn èèyàn dìbò. Nígbà tó di June 23, ìjọba Babangida ti wọ́gi lé e. Wọ́n mú Abíọ́lá ní 1994, àtìmọ́lé ló sì kú sí ní July 7, 1998. Déètì ni gbogbo èyí jẹ́ fún àwa tí a kò tíì bí nígbà náà, a há a sórí fún ìdánwò, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú pósítà yẹn, ọkùnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ìyá kan tó ń ránṣọ ní Abẹ́òkúta ni mo ti rí i. Wọ́n ti fi gé bátáànì ọrùn aṣọ, èjìká Kingibe sì ti bá sísọ́ọ̀sì lọ. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n ṣáà lọ ra kádíbọ́ọ̀dù tuntun wá, torí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Méjì nínú ẹrù mi wá láti inú ilé wa. Èkíní ni báàjì UPN ti bàbá àgbà mi, ti ìbò 1979. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ ṣèlérí. Awólọ́wọ̀ kò di ààrẹ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí màmá mi sì wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Àkúrẹ́ ní 1981, wọn kò san owó ilé-ìwé. Báàjì yìí nìkan ni wọn kì í pè ní pàǹtí nínú àpótí mi.

Èkejì ni káàdì NPN, tó ní àmì ilé àti àgbàdo. Àbúrò bàbá àgbà ló ni ín. Agbo ilé kan náà, ẹgbẹ́ méjì. Ní 1983, Ọmọ́boríowó, tó ti jẹ́ igbákejì Ajáṣin, kọjá sí NPN, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò gómìnà. Nígbà tí wọ́n kéde pé òun ló wọlé, ìpínlẹ̀ Oǹdó gbaná. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n jó ilé. Ilé-ẹjọ́ padà dá ipò náà fún Ajáṣin, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í jí òkú, kì í sì í kọ́ ilé tó ti jóná. Ilé àbúrò bàbá àgbà wà lára àwọn tó jóná. Màmá àgbà ló tọ́jú káàdì náà sínú àpótí aṣọ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní kí n pàtẹ àwọn ẹrù mi ní ọ̀sẹ̀ àṣà. Káàdì yẹn ni gbogbo wọn fẹ́ rí. Mo tẹ Màmá àgbà láago. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orúkọ ló wà lára rẹ̀. Àwọn tó ṣe é, ọmọ wọn ń wá jẹun nílé wa. Bí ẹ bá gbé e síta, wọn ò ní wo káàdì o, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé." Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì kò gbà. Ó ní ìtàn kì í ṣe ti ẹbí kan ṣoṣo, pé bí gbogbo ilé bá ń fi tiwọn pamọ́, a ò ní mọ ohun tí ìbò lè sọ aládùúgbò dà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ n kò gbé e jáde. Mo kọ ọ́ sórí pépà pé káàdì NPN kan wà, Àkúrẹ́, 1983, àti pé àwọn tó ni ín kò tíì fẹ́ kí a rí i. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀ lórí tábìlì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣì ń jiyàn lé e lórí títí di òní.

Ẹ̀yin ará, ẹ lọ wo inú ilé yín. Kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, àpò ìrẹsì tó ní àwòrán olùdíje, ìwé àkọsílẹ̀ tí ọlọ́lá kan pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní 2023, ẹ má dáná sun wọ́n. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọdún àti ìlú sẹ́yìn wọn. Ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè ohun tó rò lọ́jọ́ tó gbà á, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé wọn jìnnà sí òjò àti ikán. Ẹ má sì kó ti ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn nìkan o. Ti ẹgbẹ́ tí ẹ kò fẹ́ rí sójú gan-an ni àwọn ọmọ yín máa béèrè.