Ilé Tí A Kò Tí ì Wó

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó dé Èkó tí kò gbọ́n, bí ó dé Ìlú Ọba pàápàá, kò lè gbọ́n mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi kúrò ní Iléṣà wá sí Èkó, ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù, nítorí odidi oṣù méjì ni mo lò tí n kò mọ̀ ju ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ọ̀nà ilé lọ. Ní oṣù kẹta ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ní ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan láti wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wa àgbà, kí a fi ojú ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìfọwọ́síwèé tèmi nìkan ni ó kù, nítorí èmi ni mo dúró fún bàbá mi tí ó ti lọ.

Kí n má purọ́ fún yín, n kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Òjò ń wọ ilé náà, ewúrẹ́ ni ó sì ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti mú bírò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni, mo ní kí n kọ́kọ́ nasẹ̀ díẹ̀ ná.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, tí Kenneth Murray dá sílẹ̀ ní 1957, ni mo kọ́kọ́ yà sí. Níbẹ̀ ni mo rí ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní 13 Fẹ́búárì 1976. Ojú ọta ìbọn wà lára rẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀, gbogbo wọn sì dákẹ́. Mo rò ó pé ká ní wọ́n ti tún ọkọ̀ yìí kùn ni, kò sí ohun tí ìbá pa àwọn ọmọ náà lẹ́nu mọ́.

Láti ibẹ̀ mo gba àdúgbò àwọn Àgùdà lọ, àwọn ẹni wa tí a kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé láti Bùràsíìlì àti Kúbà. Iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wà lára ẹrù tí wọ́n gbé bọ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894.

Nígbà tí mo dé Kákàwá, mo rí Ilé Olómi. João Esan da Rocha ni ó ni ín, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n jí gbé ní kékeré lọ sí Bàháyà, tí ó sì padà dé sí Èkó. Kànga ilé náà ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi mu. Mo gbójú sókè wo fèrèsé, àyà mi sì là gààrà. Ojú fèrèsé ilé wa ni! Òṣómàáló ni bàbá wa àgbà, Èkó ni ó ti ń ra aṣọ tí ó ń tà láwìn. Kò lè ṣe kó má ti gba ìgboro yìí kọjá rí, kí ó gbójú sókè bíi tèmi, kí ó sì gbé ohun tí ó rí lọ sílé.

Mo yà sí Tinúbú láti wá ilé Ìlọ́jọ̀ tí mo ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀. Mo bi bàbá kan tí ń ta ìwé ìròyìn.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "o pẹ́ kí o tó dé."

Àwọn Fernandez ni ó kọ́ ilé náà ní 1855. Àwọn Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé ìjọba kò lè di ògiri mú.

Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò ní lè fọwọ́ sí i."

"Èkó ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n nìyẹn? Ta ni yóò san owó páànù? Ṣé fèrèsé ni àwọn àbúrò rẹ yóò fi san owó ilé-ìwé?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, n kò sì rí èsì fún ìbéèrè kejì. Ti àkọ́kọ́ ni mo dáhùn: mo ní èmi ni n ó ra páànù. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùlé tí ó kọjú sí ọ̀nà kejì. Wọ́n ní kí n mú owó wá ná, kí a tó sọ ti ẹ̀yìnkùlé.

Owó oṣù méjì ti lọ sórí òrùlé báyìí, ẹbí kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan. Bàbá wa àgbà a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Èmi náà ti lóṣòó.