Ìrètí Òǹwòran àti Orúnkún Ọmọ Ọlọ́mọ

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ nǹkan, mo lérò pé ìtàn ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ àti oúnjẹ inú rẹ̀ ni wọ́n ń retí. Àwọn ẹlòmíràn yóò kọ èyíinì, wọn yóò sì kọ ọ́ dáradára. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni èmi fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa, bí kò ṣe ti àwọn ará Ọsirélíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Ọ̀rọ̀ náà yóò dé ilé.

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Footscray, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Melbourne. Ní ọdún 2024, mo lọ lo ìgbà òtútù wọn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ẹni tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù kò tí ì mọ ìlú yẹn. Bọ́ọ̀lù wọn kò rí bí èyí tí a ń gbá. Ó gùn bí ẹyin. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lò sí i. Pápá náà kò ní igun. Eléré méjìdínlógún ni ó sì ń wà lórí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́rin ni wọ́n rì sí ìpẹ̀kun pápá méjèèjì. Bí a bá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì tí ó ga jù, àmì mẹ́fà ni. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́, ẹyọ kan péré. Wọ́n a máa fò gun ara wọn léjìká láti gba bọ́ọ̀lù lókè, wọ́n a sì máa já lulẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó fún ìdajì wákàtí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ orúnkún, èjìká àti orí fi pọ̀ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ eré náà.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ń mu tíì ní gbọ̀ngàn ìjọ, àwọn àgbàlagbà kan máa ń kóra jọ sí ìdí tábìlì kan, èmi náà a sì jókòó tì wọ́n. Aṣáájú wọn ni bàbá kan tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Western Bulldogs, tí ó ṣẹ̀ ní àdúgbò náà gan-an. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju mẹ́ta lọ: ta ni yóò di ńlá, ta ni ó farapa, àti ta ni ó ti tán. Wọ́n mọ iye ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọkùnrin tí wọn kò bá pàdé rí, bí ìyá ṣe ń mọ iye ìgbà tí ibà dá ọmọ rẹ̀ dúbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń yan ọ̀dọ́. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ inú ìdíje AFL máa ń tò láti mú àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n gbá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe ìkẹyìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yàn. Gbogbo ọmọ tí wọ́n yàn ni ó ní nọ́ḿbà, nọ́ḿbà náà a sì máa tẹ̀ lé e kiri bí orúkọ àmútọ̀runwá.

Ní 2014, ẹgbẹ́ St Kilda ni ó kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì mú Paddy McCartin. Ẹgbẹ́ Melbourne ṣe ìkejì, wọ́n mú Christian Petracca. Àtọ̀gbẹ ti wà lára McCartin láti kékeré. Nígbà tí ó di eléré, wọ́n ń gbá a lórí léraléra tó bẹ́ẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ fi mì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ọdún díẹ̀. Ní ìparí 2019, ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní 2021, Melbourne gba ife, èyí tí wọn kò gbà láti 1964, Petracca ni ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tí ó ta yọ jù lọ ní àṣekágbá. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: St Kilda ṣi ọmọ yàn. Mo gbọ́ ọ ní ìdí tábìlì yẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bí ẹni pé àná ni wọ́n yàn án.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tí mo wà níbẹ̀ ni Petracca kọ lu eléré mìíràn lórí pápá. Egungun ìhà rẹ̀ kán, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lu, nǹkan inú rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Ilé ìwòsàn ni ó sùn, ọdún eré náà sì parí fún un. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, tíì tutù lórí tábìlì wa. Àwọn baba wa ní igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Èyí tí wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n yàn àti èyí tí wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n yàn, egungun kan náà ni Ẹlẹ́dàá fi mọ àwọn méjèèjì. McCartin pàápàá ti padà sí pápá ní 2022 pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sydney, òun àti àbúrò rẹ̀ Tom sì jọ gbá àṣekágbá ọdún náà; ṣùgbọ́n wọ́n tún gbá a lórí ní 2023, ó sì fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ sì ni James Hird, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ìtàn ẹgbẹ́ Essendon kò lè gbàgbé, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Brownlow ní 1996, ẹni kọkàndínlọ́gọ́rin ni ní ọjọ́ ìyàn ti 1990. Alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán. Àìmọ̀-ọ́n-jó kù sí ọwọ́ ọmọ alágẹmọ.

Ohun tí ó bani lẹ́rù jù nínú eré náà ni iṣan orúnkún. Bí ó bá já, odidi ọdún kan sábà máa ń lọ. Alex Johnson ti ẹgbẹ́ Sydney gba ife ní 2012, ẹni ogún ọdún ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ òsì já. Wọ́n tún un ṣe, ó tún já. Ìgbà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tún orúnkún kan ṣoṣo yẹn so. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn: ní oṣù Kẹjọ 2018, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà, ó padà sí pápá, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ni ó já. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje náà mọ́. Nígbà tí bàbá náà sọ ìtàn yìí fún mi, wọn kò sọ pé ó ṣòfò. Wọ́n ní, “Ó padà wá.” Wọ́n dákẹ́ síbẹ̀.

Wọ́n tún sọ ti John Coleman ti Essendon, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà tí àwọn fúnra wọn wà ní ọmọdé. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1949, góòlù 12 ni ó gbá wọlé. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 98, ó gbá 537. Ní 1954, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, eré parí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó padà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni, ó sì mú ẹgbẹ́ náà gba ife ní 1962 àti 1965. Ó kú ní 1973, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Títí di òní, ẹni tí ó bá gbá góòlù jù lọ lọ́dún, àmì-ẹ̀yẹ tí ń jẹ́ orúkọ Coleman ni wọ́n ń fún un.

Ìtàn méjì láti inú ẹgbẹ́ Bulldogs ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Tom Boyd ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2013. Lẹ́yìn ọdún kan, kò tí ì pé ẹni ogún ọdún, Bulldogs gbà á pẹ̀lú àdéhùn ọdún méje tí àwọn oníròyìn ní ó tó mílíọ̀nù méje dọ́là. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn kò wo bí ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Owó rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ní àṣekágbá 2016, níwájú ènìyàn bí 100,000, ó gbá góòlù mẹ́ta, ẹgbẹ́ náà sì gba ife tí wọn kò rí láti 1954. Gbogbo wọn ní ó ti san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun ti fò lójú ọmọ náà, ìdààmú ọkàn sì ti dé bá a. Ní 2019, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì fi owó ọdún tí ó kù sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Èkejì ni Bob Murphy, balógun ẹgbẹ́ náà. Ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láti ọdún 2000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, iṣan orúnkún rẹ̀ já. Ní ọdún tí ife dé lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ẹ̀gbẹ́ pápá ni balógun dúró sí. Nígbà tí wọ́n ń pín àmì-ẹ̀yẹ, olùkọ́ni wọn, Luke Beveridge, gba tirẹ̀ tán, ó pe Murphy gun orí pèpéle, ó bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Murphy dá a padà lẹ́yìn náà, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti rí i. Bàbá náà sọ fún mi pé nígbà tí ife dé, ariwo ni àwọn ń pa. Nígbà tí Murphy gun orí pèpéle ni omi bọ́ lójú àwọn.

Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ nípa ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n gbá pé ó kún fún ìlérí. Mo rò ó títí. Ta ni ọmọ náà ṣe ìlérí fún? Kò la ẹnu rẹ̀ rí. Àwa òǹwòran ni a so ìrètí wa mọ́ ọn lọ́rùn, tí a wá ń pè é ní gbèsè. Bí orúnkún bá já, orúnkún tirẹ̀ ni. Ìrètí tiwa a sì wá ẹlòmíràn lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. N kò sọ pé kí ènìyàn má sọ̀rọ̀ eré. Ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń rántí ẹni tí àwọn oníròyìn ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni à ń gbà sọ ọ́. Ọ̀kan ń ka gbèsè, èkejì ń tọ́jú orúkọ. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ọ̀rọ̀ ti dé ilé wàyí. Àwọn tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àkókò tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife Áfíríkà ní 1976 yóò rántí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa tí gbogbo wa gbà pé ẹgbẹ́ náà ni yóò gbá fún. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá gba bọ́ọ̀lù, àwọn olùkọ́ pàápàá a dìde. Ní ìdíje kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán sí méjì, wọn kò sì tò ó dáadáa. Kò lè sáré mọ́. Ó di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti bá dókítà àti adájọ́ pàdé tí ó jẹ́ pé òun ni ó kọ́ wọn ní ABD. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi í wá sí àpèjọ wa. Ó ní, “Àlùfáà, ẹsẹ̀ yìí kò dùn mí mọ́ láti ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọ sí yín, ẹsẹ̀ ni ẹ ń kí, ẹ kì í kí èmi.”

Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, a ó tò orúkọ àwọn tí wọ́n ta yọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá àyè fún àwọn tí ọ̀nà wọn yà lójijì pẹ̀lú: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ẹni tí baba rẹ̀ kú tí owó ilé-ẹ̀kọ́ fi tán, ẹni tí àìsàn dá dúró ní ọdún ìdánwò. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà náà. Kí a bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ní ọjọ́ tí a óò pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ, ẹ pàtẹ́wọ́ kíkankíkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé, ẹ má ṣe fi nọ́ḿbà kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ẹ má sọ fún èyí pé òun ni dókítà wa, kí ẹ sì wo èyí tí ó tẹ̀ lé e bí ẹni tí ẹ ṣì yàn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò máa gòkè sí i. Àwọn ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe ju àwa lọ, èyí tí ó bá sì kọsẹ̀ lójú ọ̀nà kò ní ṣàìrí ẹni fà á dìde. Ọ̀rẹ́ mi ti ṣèlérí, ní ti òótọ́, pé òun yóò wá sí àjọ̀dún yìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, òun ni kí ẹ kí.