Oníbodè Tí Kì Í Sùn

Nígbà tí mo dé Enugu, ìlú èédú, ní 2009, inú fúláàṣì ni kóòdù wa ń gbé. Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ní Ogui Road. Ẹni tó bá parí á pe fódà tirẹ̀ ní "final", ẹnìkejì á pe tirẹ̀ ní "final2". Ọjọ́ tí fúláàṣì bá sọnù, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bá a lọ.

Subversion, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, ló kọ́kọ́ yọ wá nínú wàhálà yẹn. Nígbà tó yá, a kó lọ sínú Git, èyí tí Linus Torvalds kọ ní 2005 nítorí iṣẹ́ Linux. Git mú kí ẹ̀ka yíyà rọrùn: a ń ṣiṣẹ́ ní dev, a ń dán an wò ní staging, main sì ni ti àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi ń gbé kóòdù láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó sì máa ń rẹ ọwọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní 2016, wọ́n mú iná lọ, bátìrì mi sì ti ń tán. Mo ń kánjú. Mo rò pé staging ni mo ń gbé wọ main. Àṣé dev ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó kò ṣeé san mọ́ lórí ètò wa, àwọn oníṣòwò ọjà Ogbete sì ń pè wá léraléra. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni mo kọ script kan tí yóò máa ṣe oníbodè main, kò ju ogún ìlà lọ. "set -e" wà lókè: bí àṣẹ kan bá kùnà, kí gbogbo rẹ̀ dúró. Á wò bóyá iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì commit, á ṣe gbogbo àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni "git merge --ff-only" á tó dé. Bí main bá ní ohun tí staging kò ní, Git á kọ̀ ọ́. Orúkọ ẹ̀ka méjèèjì ti wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́. Oníbodè gidi kì í torí pé a jọ jẹun kó má tú ẹrù wò.

Láti ìgbà tí GitHub Actions, tó ń bá ni ṣiṣẹ́ irú script bẹ́ẹ̀ lórí sáfà, ti dé ọwọ́ gbogbo ayé ní 2019, ibẹ̀ ni script náà ti ń ṣọ́ bodè. Iná Enugu ìbáà lọ, kò kàn án. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi gan-an ló dá padà: àyẹ̀wò kan kùnà. Mo wá àṣìṣe náà rí, mo tún un ṣe, mo sì padà lọ sí bodè.