Nígbà Tí Ọdẹ Mọ Orúkọ Gbogbo Wa

Kí iná mànàmáná tó dé Òmù-Àrán, agogo ọdẹ la fi ń sùn. Tí a bá ti jẹun alẹ́ tán, tí màmá mi ti fi eérú bo iná inú ààrò, agogo náà yóò dún lẹ́ẹ̀mejì láti apá ọjà, yóò dákẹ́, yóò tún dún. Bí ó ti ń sún mọ́ agboolé wa ni oorun yóò máa gbé mi lọ. Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó ń lù ú. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè é. Ìbọn ṣakabùlà kan, àdá kan, ajá méjì: ohun ìjà rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí olè ń bẹ̀rù lára rẹ̀ ni pé ó mọ gbogbo wa.

Ẹnikẹ́ni tó bá pàdé lóru, yóò ké mọ́ ọn pé, "Ta nìyẹn o?" Onítọ̀hún kò ní dáhùn pé "èmi ni" kí ó sì máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀, kí ó dárúkọ bàbá rẹ̀, kí ó sọ agboolé tó ti jáde. Mo bá Bàbá Ọdẹ rìn lóru ọjọ́ kan, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, èmi ni mo gbé àtùpà. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn àká kan, ajá gbó, ẹnì kan húkọ́ nínú òkùnkùn. Mo rò pé yóò gbé ìbọn sókè ni. Ó kàn ní, "Ìwọ yìí, ikọ́ bàbá rẹ nìyẹn. Máa bọ̀ níbí." Ọmọkùnrin àdúgbò kejì ni, ẹmu ló mu yó, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. A sìn ín délé. Bàbá Ọdẹ kan ilẹ̀kùn, ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a sì padà sẹ́nu ìṣọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ojú ọ̀sán ní ìṣọ́ tirẹ̀. Àlejò tó bá wọ̀lú kò lè sùn kí olórí agboolé tó gbà á sílé má mọ̀. Bí ó bá fẹ́ pẹ́ díẹ̀, wọn yóò mú un lọ sọ́dọ̀ olóyè àdúgbò, ọ̀rọ̀ yóò sì dé ààfin Olómù, ọba wa. Ìbéèrè tí wọn yóò bi í kò pọ̀: Ọmọ ta ni ọ́? Ta lo mọ̀ níbí? Kí lo wá ṣe? Àwọn Fúlàní tó máa ń da màlúù wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Bàbá mi mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ orúkọ wa, wàrà ń bọ̀, àgbàdo ń lọ. Bí màlúù bá jẹ oko, a mọ ẹni tí a ó tọ̀ lọ.

Tí ọyẹ́ bá dé, iná ni ọ̀tá tó burú jù. Koríko ló ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé nígbà èwe mi. Lọ́dún kan, iná ṣẹ́ yọ láti ilé ìdáná kan ní ọ̀sán gangan, afẹ́fẹ́ sì gbé e. Fèrè ọdẹ dún. Ìkòkò omi ń ti ọwọ́ obìnrin kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì gun òrùlé àwọn ilé tí iná kò tíì dé, wọ́n ń fi àdá já koríko lulẹ̀ kí iná má bàa rí ohun tí yóò fò mọ́. Ilé wa wà lára èyí tí wọ́n já. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló na àdá sí wọn lókè. Ilé mẹ́ta ló jóná lọ́jọ́ náà, àdúgbò wa ṣẹ́kù. Ìta gbangba la sùn fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta àwọn tó já òrùlé náà ló padà wá bá wa bò ó.

Ìjọba ní àwọn ènìyàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ Ìlọrin la wà, lábẹ́ Ìjọba Àríwá, dògarí ààfin Ìlọrin àti ọlọ́pàá N.A., ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, ló sì ń ṣojú àṣẹ láàárín wa. N kò ní sọ pé gbogbo ìṣe wọn ló dára. Nígbà tí ìṣèlú gbóná ní àwọn ọdún 1950, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Ìgbómìnà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá wa pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìyá wa ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀tọ̀ ni ojú tí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ fi ń wo alátakò. Ìgbìmọ̀ Willink tó jókòó láàárín 1957 àti 1958 gbọ́ ẹjọ́ ààlà tó yà wá kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n ààlà kò yí padà. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kúrò nílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n kó àwọn tó yẹ nínú wọn sínú ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é lágbára. Síbẹ̀, bí a ti ń da omi tó dọ̀tí nù, a da ọmọlójú wa nù mọ́ ọn: àwọn tó gbọ́ èdè wa, tó mọ ọ̀nà oko wa.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje 1967, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Kwara, ìpínlẹ̀ wa, sílẹ̀. Lọ́dún náà ní Èkó, àwọn ará ìlú kóra jọ, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí bọ́ǹbù bá balẹ̀. Níbẹ̀ ni Sífù Dìfẹ́ǹsì ti ṣẹ̀, ọdún 2003 ni òfin sì wá fìdí wọn múlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní 1977, tí Wọlé Ṣóyínká sì darí rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988. Mo ń sọ èyí kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ̀ pé kì í ṣe Àbújá ló ń bí gbogbo ẹ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé omi.

Nígbà tí ìjọba tún ètò ìbílẹ̀ ṣe ní 1976, tí Òmù-Àrán di olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, inú wa dùn. Àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, gbogbo rẹ̀ la ní. A rò pé agogo ọdẹ ti parí iṣẹ́. Bàbá Ọdẹ kú, kò sí ọmọ rẹ̀ kankan tó gba agogo náà. Ara wa la tàn.

Ẹ wo ibi tí a wà báyìí. Ní 9 oṣù Kìíní 2020, wọ́n ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn fún ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Ìlá Ọ̀ràngún tí í ṣe Ìgbómìnà bí tiwa wà nínú rẹ̀, nítorí pé inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bọ́ sí. Àwa kò sí níbẹ̀, nítorí ààlà tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí láti ìgbà Willink. Ìwé òfin 1999, abala 214, sì sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní. Ní 1 oṣù Kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara yìí, wọ́n pa ọba tó wà lórí ìtẹ́, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì. Ní 18 oṣù Kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jọ́sìn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ sínú igbó. Ènìyàn 38 la gbọ́ pé ó padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí, mo ti jẹ iyán ní Eruku. Ọ̀nà tí a ń gbà lọ síbẹ̀ kò jìn.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ mi rí àwọn àjèjì tó dìhámọ́ra nítòsí oko wa. Mo pe àgọ́ ọlọ́pàá kan. Ọmọkùnrin tó dáhùn fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ má bínú, kò sí epo nínú ọkọ̀." Nígbà tí epo dé, ó bi mí pé oko náà dà, n kò sì rí bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un, nítorí kò gbọ́ orúkọ odò kankan rí ní ilẹ̀ wa. Kò ṣẹ̀ mí. Wọn kò tíì jẹ́ kí ó pé oṣù mẹ́fà láàárín wa. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ wá, ni wọ́n bá gbé e lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Ẹ fi epo sínú ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá, ẹ san owó wọn lásìkò. Ẹ̀ṣọ́ igbó tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2025, ẹ mú un láàárín àwọn ọmọ ọdẹ tó bí wa. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá tí ẹ bá gbé wá pẹ́ díẹ̀. Àwa náà, ẹ jẹ́ kí a padà máa bi àlejò ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí a tó fún un ní yàrá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ọ̀nà dá ọkọ̀ wa dúró. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí pé, "Bàbá, níbo lẹ ń lọ?" Mo dárúkọ oko wa, kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó mú ìwé wá. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo kọ orúkọ abúlé mọ́kànlá sílẹ̀ fún un, àti odò tó wà láàárín wọn, àti agboolé tó ni oko kọ̀ọ̀kan. Ó kà á sókè kí n gbọ́, mo tún ibi méjì ṣe fún un. Lẹ́yìn náà ni mo bi òun náà pé, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó sì dárúkọ bàbá rẹ̀ fún mi.