Orí Kòkòrò Ni Wọ́n Fẹ́ Rí, Iná Ni Kò Jẹ́: Ohun Tójú Ayàwòrán Kan Rí Nínú Oko Àgbàdo L'Ọ́tà

Ẹni tó bá rò pé kámẹ́rà olówó gọbọi ló ń mú kí àwòrán kòkòrò dára, kó fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan ń bẹ ní Sango-Ọ̀tà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà àti fótò pásípọ́ọ̀tù lọ. Bó bá kan ká ya ìyàwó tó wé gèlè, tó wọ aṣọ òkè, ẹni tó máa bá a du iṣẹ́ náà láti Sango títí dé Ìyànà-Ìyẹsí kò pọ̀. Àmọ́ kòkòrò tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ ló fojú rẹ̀ rí màbo.

Ìyá onílé rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀tà á mọ̀ pé bí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ níbẹ̀ tó, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ṣì ń hù láàárín ògiri wọn. Ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò bá tíì kọ́, àwọn ìyá wa á ti fọkọ́ síbẹ̀. Ìyá yìí gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ kan. Owó àjọ tó kó ló fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀. Àgbàdo ga dé orúnkún, inú ìyá ń dùn, àfi bí ewé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lu bí ajere. Bí èèyàn bá ya ọ̀mùnú rẹ̀ wò, ìgbẹ́ kòkòrò ló kún ibẹ̀ bí ìyẹ̀ igi níwájú káfíńtà.

Ìyá gba ọjà lọ. Ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò kó oríṣi mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó ní kó rà á pọ̀, pé ọ̀kan á ṣáà mú un. Ìyá ní owó òun ò ká mẹ́ta, àti pé ṣé ẹni tí kò mọ ọ̀tá rẹ̀ ló ń ra ọfà ni? Ló bá kanlẹ̀kùn ayàwòrán láàárọ̀ kùtù.

"Ọkọ mi, ṣebí gbogbo ayé lo ń yà. Wá bá mi ya kòkòrò yìí, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọ̀gbìn tí wọ́n júwe fún mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Kékeré nìyẹn."

Kì í ṣe kékeré o. Fóònù ló kọ́kọ́ fi yà á. Ó sún mọ́ ọn, àwòrán ṣú bàìbàì. Ó sún sẹ́yìn, kòkòrò dà bí ìgé òwú. Ó wá gbé kámẹ́rà òde ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ó tan fláàṣì ganrangan sí i. Ìyẹn tún burú jù. Orí kòkòrò náà ń dán, ìrì sì wà lára rẹ̀, ni iná bá tàn padà bí ìgbà tí wọ́n fi dígí ko oòrùn síni lójú. Apá kan funfun báláú, apá kejì dúdú kirikiri. Nígbà tí ọ̀gá ọ̀gbìn máa fèsì lórí WhatsApp, ohun tó sọ ni pé: "Orí rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, orí náà gan-an lẹ ò jẹ́ n rí."

Kí ló wà lórí kòkòrò? Ọ̀rọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ní January 2016, kòkòrò kan tí ilẹ̀ wa ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo run níhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ni oko IITA n'Íbàdàn àti n'Íkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí kan náà. Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA kọ nípa rẹ̀ jáde ní October 2016. Fall armyworm ni òyìnbó ń pè é, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni ìran rẹ̀ ti wá. Kò tó ọdún mẹ́ta tó fi tàn ká èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Àwọn kòkòrò mìíràn tún wà tó jẹ́ pé igi àgbàdo ni wọ́n ń gbẹ́ wọ̀, ìtọ́jú wọn ò sì dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀. Àmì tí wọ́n fi ń dá àjèjì yìí mọ̀ ni ilà funfun tó dà bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, níwájú orí rẹ̀ gan-an. Ìdí rẹ̀ náà ní tó dúdú mẹ́rin tó tò bí igun àpótí. Orí yẹn ò ju orí ìṣáná lọ. Bí iná bá bo ilà yẹn mọ́lẹ̀, owó àjọ ìyá ti fẹ́ wọgbó nìyẹn, torí kòkòrò náà ò dúró de ẹnikẹ́ni. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ nínú ewé kó tó wọlẹ̀ lọ para dà, bó bá sì ti dàgbà wọ inú ọ̀mùnú lọ tán, oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́.

Ayàwòrán wa bá tọ bàbá kan lọ, ẹni tó ti fi fíìmù ṣiṣẹ́ fọ́tò kí wọ́n tó bí i. Bàbá wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé báyìí lo ṣe ń fi fláàṣì gún ìyàwó lójú lóde?"

"Rárá o, Bàbá. Àjà ni mo máa ń da iná kọ, kó lè rọra bà lé e lára."

"Ó dáa. Oko ò ní àjà. Lọ ṣe àjà fún kòkòrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là á lójú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìdí tí kòkòrò fi le yà ni pé bí kámẹ́rà bá ti sún mọ́ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó máa mọ́ kedere á ṣe tín-ín-rín tó. Bí a bá ya kòkòrò tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú kámẹ́rà bá ìwọ̀n ara rẹ̀ dọ́gba, tí a fi lẹ́ǹsì sí f/8, ibi tó mọ́ ò ju bíi mìlímítà 1 lọ. Imú mọ́, ojú ti ṣú. Bí a bá fún ihò lẹ́ǹsì dé f/16, ó di bíi mìlímítà 2, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Sísún tí a sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ tún jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó kù. Oòrùn àárọ̀ ò lè kájú rẹ̀, ewé àgbàdo ò sì dúró sójú kan. Fláàṣì nìkan ló kù. Èèyàn á sì dín agbára rẹ̀ kù, torí fláàṣì tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù dáadáa kì í tàn tó 1/10,000 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kú. Kí ewé tó mì, àwòrán ti wọlé.

Àjà wá ńkọ́? Abọ́ áìsìkirímù oníke funfun ni. Ó gé ìdí rẹ̀, ó fi bébà funfun tẹ́ inú rẹ̀, ó dì í síwájú fláàṣì, ó wá gbé gbogbo rẹ̀ bọrí kòkòrò bí agbòjò. Iṣẹ́ tí kùrukùru ń ṣe fún oòrùn ni abọ́ náà ń ṣe fún fláàṣì. Iná kékeré tó jìnnà ló ń gúnni lójú. Iná tó fẹ̀ ju kòkòrò lọ, tó sì sún mọ́ ọn, yíyí ló ń yí i ká, kì í jẹ́ kó dán gbinrin.

Lẹ́ǹsì tí wọ́n dìídì ṣe fún nǹkan kéékèèké wọ́n, kò sì lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá yọ lẹ́ǹsì 50mm láti ara kámẹ́rà fíìmù rẹ̀ àtijọ́, ó yí i dojú dẹ́yìn, ó fi òrùka kan so ó mọ́ kámẹ́rà ọmọ náà. Lẹ́ǹsì tí wọ́n bá yí báyìí á di awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ti àtijọ́ ló sì dára jù, torí ọwọ́ lèèyàn fi ń yí ihò rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ yí lẹ́ǹsì lè ra òrùka òfìfo tí wọ́n ń ki sáàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Kò ní gíláàsì nínú, owó rẹ̀ ò sì ga. Bá a gúnyán nínú odó, bá a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, òun àti ìyá ti wà lóko. Òtútù ìdájí ò jẹ́ kí kòkòrò yára, ó ṣì wà lójú ewé tó ń jẹun àárọ̀. Ìyá di ewé mú. Ayàwòrán ò yí lẹ́ǹsì rárá, ara rẹ̀ ló ń sún síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó yà á ju ìgbà ọgọ́ta lọ, mẹ́ta péré ló dáa. Mẹ́ta náà ti tó. Y náà hàn kedere níwájú orí, tó mẹ́rin hàn nídìí. Ọ̀gá ọ̀gbìn ò fi àkókò ṣòfò, ó dárúkọ oògùn kan ṣoṣo, ó ní kí wọ́n fín in sínú ọ̀mùnú nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa fọwọ́ tẹ ẹyin rẹ̀ pa lára ewé.

A ò ní purọ́ pé gbogbo oko là. Àwọn ebè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti lọ ná. Àmọ́ èyí tó kù yọmọ, owó àjọ padà wọlé, ìyá ò sì ra oògùn méjì tí kò nílò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko láàárín ìgboro, ẹ gbọ́ o. Kẹ́ ẹ tó fowó ra oògùn, ẹ ya orí kòkòrò, ẹ ya ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ ní, ẹ ra lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi bébà funfun bo iná rẹ̀. Nuru, tí FAO àti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania gbé jáde fún fóònù ní 2018 láti máa wo ewé àgbàdo, òun náà ò lè mọ ohun tí kò rí dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ẹ ò ní kámẹ́rà ńlá. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná ganrangan náà ò mọ̀ ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.