Ahọ́n Ní Í Rán Ojú Níṣẹ́

Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ènìyàn kì í pẹ́ létí omi kí ó tó rí ọkọ̀ tí ń ti èbúté kan lọ sí òmíràn. Bí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá bá fẹ́ ròyìn rẹ̀, yóò ní, 'Ó wakọ̀ sọdá lọ.' Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó sín pọ̀ yẹn. 'Wà' ni ó sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe. 'Sọdá' ni ó sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà. 'Lọ' ni ó sì tú àṣírí ibi tí asọ̀rọ̀ dúró sí. Bí ó bá ṣe pé òdìkejì odò ni ó wà, ọkọ̀ kan náà, lórí omi kan náà, yóò di 'Ó wakọ̀ sọdá wá.' Èdè Haúsá, tí wọ́n ń ná ọjà ìlú náà, a máa fi ìyàtọ̀ yìí sí ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe: 'fita' ni ti ẹni tí ó jáde lọ, 'fito' ni ti ẹni tí ó jáde wá.

Ǹjẹ́ ohun tí ahọ́n ń béèrè a máa fa ojú bí? Ní ọdún 2008, Anna Papafragou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn elédè Gíríìkì, ẹ̀rọ sì ń ṣọ́ ẹyinjú wọn. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti sọ bí ẹnìkan ti ṣe rìn. Ibi tí ó gbà ni ó jẹ Gíríìkì lógún. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé àwọn yóò ròyìn, ojú àwọn ti ìṣáájú tètè lọ sí ohun tí ẹni inú àwòrán fi ń rìn, ti àwọn kejì sì lọ sí ibi tí ó forí lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kàn ń wòran lásán, bákan náà ni ojú wọn ṣe rìn. Àsọdùn gbáà ni, nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni wí pé ojú Yorùbá yàtọ̀ sí ojú Òyìnbó. Ìmúra láti sọ̀rọ̀ ni ó ń darí rẹ̀. Síbẹ̀, Lotte Meteyard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2007 pé bí ènìyàn bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí 'gòkè' nígbà tí àwọn àmì kéékèèké ń sọ̀kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìrìn wọn dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Bọ́ọ̀lù a máa yí gbirigbiri, eku a kọjá fìrí, ìgbín a máa lọ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́. Ẹni tí yóò ṣa ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ wo ìrìn náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé Lọ́kọ́ja tí ń gbọ́ Núpé, Ebira tàbí Ígálà nílé, tí ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, lè kọ ọ́ pé, 'Ajá náà jáde pẹ̀lú eré.' Kò sí ẹni tí kò ní mọ ohun tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n ajá yẹn kò súnmọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ mìíràn a fi bírò pupa fa igi lé e, a kọ 'sáré jáde' sí orí rẹ̀, ó parí. Ìyẹn kò tó. Kí ó bi ọmọ náà pé, 'Níbo ni o dúró sí?' Èyí tí ó bá ní inú ilé ni òun wà yóò kọ 'Ajá náà sáré jáde lọ'. Èyí tí ó wà níta, tí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan láti sá, yóò kọ 'wá'.